Bí mo ṣe se gbẹ̀gìrì ẹlẹ́ran àyangbẹ

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, mo mọ̀ pé ẹja gbígbẹ àti edé lọ̀pọ̀ nínú yín ń fi sí gbẹ̀gìrì, àwọn olóúnjẹ gan-an inú ọbẹ̀ ata ni wọ́n ń kó ẹran sí. Èmi ẹran ewúrẹ́ àyangbẹ ni mo dà sínú tèmi ní Sátidé tó kọjá, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ṣe é kẹ́ ẹ tó máa bú mi.

Bódìjà ni mo ti rajà. Ẹ̀wà funfun ni mo rà, ààbọ̀ kóńgò, torí olóyin dáa fún ẹ̀wà jíjẹ lásán ṣùgbọ́n adùn ẹ̀ máa ń pọ̀ jù fún gbẹ̀gìrì lẹ́nu tèmi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ran, mo kọ́kọ́ gbé ẹran sí imú kí n tó béèrè iye ẹ̀. Ẹran tí wọ́n yan dáadáa máa ń le dénú, èéfín igi nìkan ló máa rùn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí àárín ẹ̀ ṣì ń rọ̀ ẹ má rà á o. Mo gbóòórùn títí, màmá ní "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ tán níbí ni?" Mo ní ẹ má bínú mà, mò ń wò ó ni.

Nílé, mo rẹ ẹ̀wà sómi bí ìṣẹ́jú 15, mo dà á sí blẹ́ńdà pẹ̀lú omi, mo ń tẹ̀ ẹ́ mo ń fi í sílẹ̀, kó kàn fọ́ díẹ̀ kéèpo lè bọ́, ẹ má jẹ́ kó lọ̀ torí àkàrà kọ́ là ń din. Mo wá ń bomi sí i, èèpo ń léfòó, mo ń dà á nù, títí ẹ̀wà fi funfun. Ibí yìí ló máa ń sú mi jù.

Mo gbé ẹ̀wà kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà kan, kò síyọ̀. Mi ò fi kán-ún sí i, òótọ́ ni pé ó máa ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀ ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ díẹ̀ báyìí ẹnu á mọ̀, ẹ̀wà tá a sì ti bó kì í pẹ́ rọ̀ náà. Ẹ má dé ìkòkò pa o, ìfófòó ẹ̀ á ru jáde, á paná gáàsì.

Ẹran wá ńkọ́? Ìkòkò tiẹ̀ lọ́tọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́, omi àkọ́kọ́ yẹn dúdú pẹ̀lú eérú àti yanrìn, mo dà á nù. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo fi ata àti àlùbọ́sà sè é lórí iná kékeré títí tó fi rọ̀, omi ẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Omi yìí gan-an ni mo ń wá, inú ẹ̀ ni gbogbo èéfín yẹn wà. Tẹ́ ẹ bá da ẹran pọ̀ mọ́ ẹ̀wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀wà á ti máa jó nídìí kẹ́ran tó rọ̀, ìjábẹ̀ ò sì ní ráyè ja ẹ̀wà láàárín ẹran.

Ìgbà tí ẹ̀wà rọ̀ tán mo fi ìjábẹ̀ jà á títí kò fi sí kóró kankan (blẹ́ńdà máa ń jẹ́ kó rí bí ògì, mi ò fẹ́), mo wá sẹ́ omi ẹran sí i, mo da ẹran sí i, epo pupa, ata gígún, irú tí mo fọ̀ dáadáa, edé díẹ̀. Mo tọ́ ọ wò kí n tó bu iyọ̀, torí omi ẹran ti níyọ̀ lára. Iná wálẹ̀ pátápátá, mo ń rò ó kó má jó nídìí, títí tí mi ò fi gbóòórùn epo tútù mọ́. Mo sọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì ń ṣàn díẹ̀ torí tó bá tutù á ki sí i.

Àmàlà àti ewédú la fi jẹ ẹ́, ọkọ mi lá abọ́. Èyí tó kù, fíríìsà ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, torí gbẹ̀gìrì kì í pẹ́ kan, pàápàá tí NEPA bá ṣe tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kaná padà, ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì máa rò ó.