Omi Ṣáájú Ewé: Ìtọ́jú Ọgbẹ́, Làpálàpá àti Éwo Nílẹ̀ Okun

Bí àdá bá bu èèyàn lẹ́sẹ̀ lóko Ìjùmú tàbí Yàgbà, nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ewé tí ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń nà sí ni Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóòótọ́. Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́: wọ́n á já a, wọ́n á rún un lẹ́nu, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọgbẹ́ tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dá, ojú ọgbẹ́ á pa dé, ìdọ̀tí á wà nísàlẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Wọ́n á ní ewé ò jẹ́, bẹ́ẹ̀ omi ni kò ṣáájú.

Ẹ dá ewé náà mọ̀ dáadáa. Méjì-méjì ló ń yọ lójúkojú lára igi rẹ̀. Ẹ yí i sẹ́yìn: iṣan mẹ́ta ló là láti ìdí rẹ̀ bí àmúga oníka mẹ́ta. Bí ẹ bá fọwọ́ ra á, òórùn líle á jáde. Àsìkò ọyẹ́ ló ń tanná. Ewé imí eṣú náà dára fún ọgbẹ́, ìlò wọn kò sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n kúkúrú ni imí eṣú, kì í sábà ga ju orúnkún lọ, gbogbo ara rẹ̀ ló nírun, ó sì ń rùn bí òbúkọ.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ da omi mímọ́ sórí ọgbẹ́, yálà omi tí a sè tó ti tutù tàbí omi ẹ̀rọ, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí omi máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀ ni. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ inú bàsíà, nítorí ìdọ̀tí tó jáde á tún padà wọlé. Fún ọgbẹ́ tí kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, ọ̀mùnú ewé mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó. Ẹ má já a létí títì, ẹ má sì já a lóko tí wọ́n fín oògùn apakoríko sí. Lóde òní tí a ń fín oògùn káàkiri oko iṣu, ẹ béèrè lọ́wọ́ olóko kí ẹ tó já a.

Ẹ fi omi mẹ́ta fọ ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gún un nínú odó kékeré tí ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn. Ọlọ ata kò dára, ata tó kù lára rẹ̀ á jó ojú ọgbẹ́. Ẹnu ló burú jù, kòkòrò inú itọ́ pọ̀. Ẹ fún ẹ̀kán mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i. Á ta á, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ rọlẹ̀. Ẹ wá fi aṣọ mímọ́ tẹ ewé gígún náà mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ẹ má ṣí i wò, torí ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì ni ẹ máa tú. Tí àkókò bá pé, ẹ kó ewé náà kúrò, ẹ rọra fi omi ṣàn án, ẹ fi aṣọ mímọ́ gbígbẹ dì í, kí ẹ sì máa pààrọ̀ aṣọ náà lójoojúmọ́. Ewé tó bá sùn lójú ọgbẹ́ á rà síbẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú pùú, ẹ fi ewé sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ pinpin, ẹ gbé ẹsẹ̀ tàbí apá náà sókè, ó di ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ gbé ọgbẹ́ tó jìn tàbí tó yanu lọ, àti ti ẹni tí ejò tàbí ajá bá bù jẹ. Kò sì sí ewé tó ń dí ọ̀nà tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí í mú àgbọ̀n dì pa. Bí ìṣó tàbí àdá onípáàtà bá wọlé sí yín lára, tó sì ti lé lọ́dún márùn-ún tí ẹ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ tètè lọ gbà á. Egbò tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò san, ẹ má fewé bò ó mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà lè wà nídìí rẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù, eérú, ọ́ìlì mọ́tò àti ìyẹ̀fun inú kápúsù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wọ́n sí ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti làpálàpá (àrùn ara là ń wí o, kì í ṣe igi bòtújẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ), àsùnwọ̀n òyìnbó ni ewé rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ yẹ́lò, ó dúró ṣánṣán bí àbẹ́là, ewé rẹ̀ sì máa ń pa dé lálẹ́. Ẹ já ẹ̀kúnwọ́ méjì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gún un kúnná, ẹ fi ṣíbí àdín kan pò ó. Ti ọjọ́ kan ni kí ẹ gún, ó máa ń kan. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tó sì wú, ẹ má lò ó. Ẹ fi ọṣẹ fọ ojú làpálàpá, ẹ nù ún gbẹ. Láti ìta etí òbìrí làpálàpá náà, ní ìwọ̀n ìka kan, ni kí ẹ ti máa fi pa á wá sí àárín, nítorí etí òbìrí náà ni àrùn ti ń jà jù. Àárọ̀ àti alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí kò bá sì hàn mọ́, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Ìdí tó fi ń padà wá nìyẹn: bí kò bá ti yún mọ́, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á sì tún máa lo táwẹ́lì kan náà. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, oòrùn máa ń mú kí omi ọsàn jó ara dúdú. Ìpara inú ọjà tí wọ́n po oògùn oríṣiríṣi pọ̀ sí lè pa yíyún rẹ̀, kí àrùn náà máa tàn lábẹ́nú. Ti orí ọmọ kò gbọ́ ti ewé, ìdí irun ló wà. Oògùn jíjẹ láti ilé ìwòsàn ló lè bá a níbẹ̀.

Éwo kò le. Ẹ ra ewé àbámodá kan lórí iná títí á fi rọ̀, ẹ fi kan ọrùn ọwọ́ yín kí ó má bàa jóni, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kó fúnra rẹ̀ tú ni o, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Éwo ẹ̀gbẹ́ imú tàbí ojú, dókítà ló ni ín.

Lásìkò kajú, epo inú èèpo ẹ̀ máa ń bó ọwọ́ àwọn tó ń pa á, àwọn ọmọdé náà sì máa ń wà níbẹ̀. Omi lásán kò lè mú un kúrò, epo ni. Ẹ fi òróró sórí aṣọ nù ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Tí ooru rẹ̀ bá ti lọ, ẹ fi òrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ó bá lé ròrò, ẹ má bẹ́ ẹ. Bí ó bá ta sójú, ẹ da omi sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbéra lọ sílé ìwòsàn. Kí ọmọ tó fọwọ́ kan kajú, ẹ fi òrí pa á lọ́wọ́, ẹ wọ ọ̀rá sí i lé e lórí, kí ẹ sì gbé ọṣẹ dání lọ sóko.