Bí a ṣe ń wá orísun ariwo iná nínú wáyà ọkọ̀ ìpẹja

Nígbà tí ojú ẹ̀rọ awẹ́ja (fishfinder, tó ń fi ìró wá ẹja lábẹ́ omi) bá kún fún ìlà wẹ́wẹ́ tí kì í ṣe ẹja, tàbí tí rédíò VHF (èyí tí a fi ń bá ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀) bá ń hó lójijì, ẹ̀rọ náà gan-an kọ́ ló sábà máa ń bàjẹ́. Nǹkan mìíràn tó ń jẹ iná nínú ọkọ̀ ló ń da ariwo sí i lára. Ẹni tó bá ra fílítà kó tó mọ ibi tí ariwo ti ń wá ń fi owó ṣòfò ni.

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sójú omi tó jìn díẹ̀, kí ẹ sì jìnnà sí àwọn ọkọ̀ yòókù, torí ẹ̀rọ awẹ́ja ẹlòmíràn tó ń lo ìgbì ìró 200 kHz bíi tiyín lè máa kọ ìlà sójú tiyín. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì àti gbogbo ohun tó ń lo iná. Ẹ fa ṣájà fóònù yọ, kì í ṣe fóònù nìkan, nítorí ṣájà ń ṣiṣẹ́ lọ bí kò tilẹ̀ sí fóònù lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pọ́ńpù tó ń fa omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dà nù: wọ́n sábà máa ń so ó mọ́ bátìrì tààrà, súwíìṣì àgbà lè má pa á.

Ẹ wá tan ẹ̀rọ awẹ́ja nìkan. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí auto (níbi tó ti ń tún ara rẹ̀ ṣe), kí ẹ fọwọ́ gbé sensitivity (agbára rẹ̀ láti gbọ́ ìró kékeré) sókè títí ariwo á fi fẹ́ẹ́ yọjú. Auto a máa fi ariwo pamọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tan nǹkan yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ariwo bá ń le sí i bí eré ẹ́ńjìnnì ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ fura sí alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi iná sí bátìrì), tàbí púlọ́ọ̀gì tí kò ní resistor (èyí tó ń dín ariwo iná kù) nínú. Mọ́tò kékeré oníbátìrì tó wà níwájú ọkọ̀ ló lágídí jù. Èyí tí a lè yí eré rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ máa ń já iná, á tún so ó, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé e sí ìdajì eré, lẹ́yìn náà ẹ gbé e dé òpin. Bí ìlà bá pọ̀ ní ìdajì tó sì pòórá ní òpin, ọwọ́ ti bà á.

Fún rédíò, iná LED ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lọ́dún 2018, Coast Guard (ẹ̀ṣọ́ etíkun) ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀, torí ó lè bo ìpè VHF àti AIS (ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà han àwọn ọkọ̀ yòókù) mọ́lẹ̀. Ẹ pa LED, ẹ lọ sí ìkànnì tó dákẹ́ (kì í ṣe 16, ti pàjáwìrì ni), ẹ yí squelch (bọ́tìnì tó ń pa híhó rédíò mọ́ ọn lẹ́nu) títí ariwo á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́. Ẹ tan LED. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹ pààrọ̀ gílóòbù náà.

Ẹ tún yọ ẹ̀rọ awẹ́ja kúrò lára wáyà ọkọ̀, kí ẹ so ó mọ́ bátìrì 12 V kékeré tó dá wà. Bí ojú rẹ̀ bá mọ́, inú wáyà iná ni ariwo ń gbà wọlé. Bí kò bá mọ́, afẹ́fẹ́ ló gbà, tàbí wáyà transducer (ohun tó wà nínú omi tó ń rán ìró jáde tó sì ń gbà á padà).

Tó bá jẹ́ wáyà iná, ẹ fa méjì tó nípọn, tí ẹ lọ́ pọ̀ mọ́ra, láti bátìrì lọ bá ẹ̀rọ náà tààrà, kí fúùsì sì wà nítòsí bátìrì. Ẹ ha gbogbo ìpẹtà ojú ìsopọ̀. Ẹ fi mítà wọn bátìrì, kí ẹ wọn ẹnu ẹ̀rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́: bí ìyàtọ̀ bá ju 0.36 V lọ, ìyẹn 3% nínú 12 V, ìsopọ̀ kan ṣì burú.

Tó bá jẹ́ ti transducer, ẹ yà á nípa sí wáyà mọ́tò. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Ẹ má gé wáyà transducer tó bá gùn jù, ẹ má sì ká a sórí wáyà mọ́tò. Òrùka ferrite (òrùka tó ń dín ariwo iná kù nínú wáyà) ṣe é fi sí wáyà mọ́tò náà nítòsí mọ́tò. Tí ihò rẹ̀ bá gbà á, ẹ yí wáyà náà gba inú rẹ̀ bí ìgbà mẹ́ta.