Ẹ Béèrè Ohun Tí Wọ́n Ń Ṣe Lọ́jọ́ Náà Kí Ẹ Tó Tẹ Báńà

Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Kábbà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ iléèwé kan ní kí n bá wọn tẹ báńà ìpàdé ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. "Boxing Day Reunion" ni wọ́n kọ sínú ìwé fún mi. Bí mo ṣe rí "boxing" báyìí, Google ni mo gbà lọ. Mo mú ìbọ̀wọ́ pupa méjì tí àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ máa ń wọ̀, mo fi wọ́n kọjú síra wọn láàárín báńà. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Alága wọn wá gbé e, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ó wò ó títí, ó yọ awò ojú, ó tún fi sí i. Ó ní, "Ìyàwó, ta la fẹ́ lọ bá jà?"

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Àwọn tó ń ṣe fláyà lórí fóònù ti pọ̀ báyìí, wọ́n sì ń ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é.

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi oníbàárà. Àkọ́kọ́, níbo ni orúkọ ọjọ́ yìí ti wá? Èkejì, kí lẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà? Ti èkejì ló ṣe pàtàkì jù, òun ló máa sọ àwòrán tí ẹ ó lò. Ẹ wo Boxing Day yẹn: àpótí ni "box" tó wà nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ọjọ́ kejì ni ọ̀gá wọn máa ń fún wọn láyè, tó sì máa ń fi ẹ̀bùn sínú àpótí fún wọn. Àmọ́ ta ló ń gbé àpótí fún ta ni níbí? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọjọ́ ìgbéyàwó ni, ọjọ́ ìpàdé ìlú, ọjọ́ tí àwọn tó ti Èkó àti Àbújá wálé ń lọ kí àna. Ẹ yọ ẹ̀ṣẹ́ kúrò, ẹ má sì fi àpótí rọ́pò rẹ̀. Abọ́ iyán tó ń rú èéfín tó.

Ọjọ́ Ẹtì ló ń dà mí láàmú jù. Ìyàgbà ni ìyá mi, kì í bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní ohun tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, títì ló máa tì. Àwọn Mùsùlùmí tí a jọ wà ládùúgbò kò gbọ́ irú ìyẹn rárá, Jímọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ ìbùkún ni. Ọjọ́ kan náà, ìtàn méjì. Torí náà, bí ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun bá mú ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń wo ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ kí n tó yan orúkọ tí mo máa kọ.

Ẹ wá wo Good Friday. Oníbàárà kan ní kí n kọ "Happy Good Friday" fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo kọ ọ́, mo tún fi bàlúù sí i. Àwọn alàgbà dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní ikú Jésù la ń rántí, ayẹyẹ kí là ń fi bàlúù ṣe? "Good" tó wà níbẹ̀, "mímọ́" ló túmọ̀ sí nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Kò sọ pé inú ẹnikẹ́ni dùn. Láti ìgbà yẹn, mi ò kọ "Ẹ kú ọdún" sí fláyà ọjọ́ yẹn mọ́. Mo máa ń kọ àkókò ìsìn, mo máa ń lo àwọ̀ elése àlùkò tàbí dúdú, ó parí. "Ẹ kú ọdún Àjíǹde" di ọjọ́ Àìkú.

Black Friday tún nìyẹn. Ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní kí n bá òun kọ ọ́ lédè Yorùbá kí àwọn ìyá ọlọ́jà lè lóye. Èmi náà kọ "Jímọ̀ Dúdú", mo sì gbé e sí sítétọ́ọ̀sì mi lórí WhatsApp. Kò pé wákàtí kan tí Àlhájà tó ń ránṣọ níwájú mi fi pè mí. "Àǹtí Báńà, kí ni Jímọ̀ wa ṣe fún yín tí ẹ fi kùn ún ní dúdú?" Ó sì jàre. Amẹ́ríkà ni orúkọ yẹn ti wá. Ọjọ́ kejì Ìdúpẹ́ wọn tó máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Kọkànlá ni. Àwọn ọlọ́pàá ìlú Philadelphia ló ń fi "dúdú" bú ọjọ́ náà nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti èrò tó ń ya wọ ìlú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò yí ìtumọ̀ rẹ̀ sí èrè. Kò sí ìkankan nínú ìyẹn tó kan ọlọ́jà Kábbà. Ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà ni pé wọ́n ń já owó ọjà wálẹ̀. Mo pa àkọlé rẹ́, mo kọ "Owó Fóònù Ti Já Wálẹ̀". Fóònù tán.

Ajé Ọdún Àjíǹde ni mo fẹ́ràn jù, nítorí Gálílì. Nínú Mátíù orí 28, áńgẹ́lì sọ fún àwọn obìnrin pé Jésù ti ń ṣáájú lọ sí Gálílì. Ìdí nìyẹn tí ìjọ fi ń jáde lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú bẹ́ǹbẹ́ àti fèrè, tí àwọn ọmọdé á wọ aṣọ tuntun. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn, ìgbafẹ́ ni Gálílì: "Níbo lẹ ti ń ṣe Gálílì lọ́dún yìí?" Mo kọ "Ẹ pàdé wa ní Gálílì" sórí fláyà kan, mi ò kọ àdírẹ́sì. Àjòjì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá síbí pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà pé èló ni ọ̀kadà ń gbà láti ojú ọjà dé Gálílì. Ẹ kọ orúkọ pápá tí ẹ ń lọ sí, ẹ jọ̀ọ́.

Iléyá kò le. Ohun tí etí gbọ́ ni: ilé yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kọ "Sallah Ńlá", pàápàá àwọn tó ń bá àwọn ará Lọ́kọ́ja dòwò, tí wọ́n á sì fẹ́ "Barka da Sallah" nísàlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Àwàdà "Ẹran mi dà?" wà fún ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, kì í ṣe fún fláyà tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí Ìmáàmù. Ọjọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ni Iléyá bọ́ sí. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 6 oṣù kan náà ni. Ó máa ń sún sẹ́yìn ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ọjọ́ kẹwàá oṣù wọn ni Iléyá, torí náà tí wọ́n bá ti kéde oṣù, ẹ ṣì ní ọjọ́ díẹ̀ láti tẹ̀wé. Ti Ìtúnu Ààwẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń rí òṣùpá. Èmi kì í tẹ ọjọ́ sórí ti Ìtúnu láé.

Ti ìjọba, ẹ ṣọ́ nọ́ńbà 27 ní Kogí. Ọmọ iṣẹ́ mi tẹ báńà ìkíni fún gómìnà, ó kọ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, nítorí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń búra fún gómìnà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ni tiwa. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá kò san kọ́bọ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, àmọ́ tí ẹ bá bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n á rán yín létí pé ọjọ́ yẹn lọ́dún 1967 ni Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀, tí ẹkùn Ìlọrin àti ẹkùn Kábbà fi di ọ̀kan, èyí tó padà di Kwara. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n sì yọ wá kúrò níbẹ̀ sínú Kogí. June 12 wá ńkọ́? Ọmọ ogún ọdún ń pè é ní Democracy Day, ó fẹ́ àwòrán ìka tí wọ́n fi tàdáwà tẹ̀. Ẹni tó dìbò lọ́dún 1993 ń pè é ní June 12, fìlà MKO ló fẹ́ rí. Ọdún 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi ìjọba àpapọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí, bí ojú kò bá tì yín.

Oṣù Kejì, ọjọ́ 14: "Val" ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe Valentine. Èèyàn ni Val pẹ̀lú: "Ta ni Val rẹ?" Àwọn ọkùnrin ló ń mú ọjọ́ yìí ráhùn. Wọ́n ní àwọn a máa ra bàtà àti páálí ṣokoléètì, bọ́ksà àti síńgílẹ́ẹ̀tì ni àwọn obìnrin á fi san án padà. Ọ̀rọ̀ yẹn ń ta ọjà gan-an. Mo tẹ bọ́ksà pupa sórí fláyà ẹni tó ń ta aṣọ ọkùnrin, wọ́n ń pín in kiri títí ó fi dé Ìsánlú.

Ọ̀kan kù tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà: ìpàdé àwọn ọmọ Okun. Wọ́n ti tẹ báńà kan wá láti Èkó rí, ìgbì omi àti ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n yà sí i. Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi rò pé òkun oníyọ̀ ni. Ìkíni wa ni, òun la fi ń pe ara wa, àti Owé, àti Ìjùmú, àti Búnú, àti Ìyàgbà. A fi aṣọ bo ìgbì yẹn nígbà ìpàdé. Tí ẹ bá fẹ́ àwòrán, ẹ ya àpáta.

Ẹni tó bá fẹ́ báńà ọjọ́ 26 lọ́dún yìí, kí ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá kí ó tó di ọjọ́ 18, nítorí iná kò dájú, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gbówó lórí. Bàbá alága ti sanwó tiwọn. Ó ní kí n bá òun dá ìbọ̀wọ́ pupa yẹn padà sórí rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń béèrè rẹ̀.