Kí ẹ tó fi ẹ̀jẹ̀ ríru orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera àwùjọ ni mò ń kọ́ n'Íbàdàn. Bí wọ́n bá gbé èsì ìwádìí orílẹ̀-èdè méjì wá bá mi, mo máa ń ní kí wọ́n fi ọwọ́ bo iye tó wà níbẹ̀ ná, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi bí àwọn olùwádìí ṣe rí i. Ẹ jẹ́ ká lo ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí òun ló ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn sínú àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ààlà, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń pe èèyàn ní ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ìwádìí àpapọ̀ tí ìgbìmọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé gbé jáde lọ́dún 1997 rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ìdá 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 15. Lọ́dún yẹn kan náà, olùwádìí Richard Cooper àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé tiwọn jáde: ìdá 16 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (Igbó-Ọrà wa níbí wà lára ibi tí wọ́n dé), 26 ní àwọn erékùṣù Karibíánì, 33 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Maywood nítòsí Chicago. Ẹni tó bá ń kánjú lè sọ pé 11 ti di 16 nílẹ̀ wa. Rárá o. 160/95 ni ìgbìmọ̀ Akínkùgbé fi ṣe ààlà, 140/90 ni Cooper lò. Ẹni tí BP rẹ̀ (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà òkè lórí ti ìsàlẹ̀) jẹ́ 150/92 kò sí nínú ìṣirò ti àkọ́kọ́, ó sì wà nínú èkejì. Àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà tún fà á wálẹ̀ sí 130/80 lọ́dún 2017. Nítorí náà, ẹ wá dátà tí BP ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ààlà kan ṣoṣo gé gbogbo wọn. Ọ̀fẹ́ ni ti NHANES, ìwádìí ìlera àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì lè tọrọ ti STEPS, ìwádìí tí àwọn orílẹ̀-èdè ń fi ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, lọ́wọ́ àjọ náà.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kà á mọ́ àwọn tó ní i, bí BP rẹ̀ tilẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ sì sá fún ìwádìí tó kàn béèrè pé, "Ṣé dókítà ti sọ fún yín rí pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?" Abúlé tí kò sí ẹ̀rọ BP ni ara á dà bíi pé ó le jù níbẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù, torí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n náà ni rọpárọsẹ̀ ń bá lójijì.

Ọjọ́ orí ló kàn. Ká ní ní orílẹ̀-èdè méjì, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò tíì pé ọdún 45 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ìdá 50 àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá jẹ́ ìdá 80 ní àkọ́kọ́, 8 láti ọ̀dọ́ àti 10 láti àgbà á jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá jẹ́ ìdajì ní èkejì, 5 àti 25 á di 30. Láàárín ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, àìsàn kò pọ̀ ní ọ̀kan ju èkejì lọ. Àgbà ló pọ̀ ní èkejì. Ẹ pín èèyàn sí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ wá fi òṣùwọ̀n ọjọ́ orí kan náà, irú èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, ṣírò gbogbo wọn.

Ẹ ka ìwé ìlànà ìwádìí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. STEPS máa ń jẹ́ kí èèyàn jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì lo àròpín ìwọ̀n méjì tó kẹ́yìn. Ìwádìí tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sábà máa ń ga jù ú lọ. Bí aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá bá kéré fún ẹni tí apá rẹ̀ tóbi, BP rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ.

Ẹ má gbàgbé wéìtì ìwádìí, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ iye èèyàn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìwádìí dúró fún. Survey nínú R tàbí svy nínú Stata (ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò ni méjèèjì) á bá yín ṣe é.

Tó bá jẹ́ ìyípadà láti ọdún dé ọdún lẹ ń wá, ẹ wo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀: STEPS 2008 mú àwọn ọmọ ọdún 25 sí 64, ti 2015 mú 18 sí 69. Ẹ gé ti 2015 sí 25 sí 64 kó tó di pé ẹ fi wọ́n wéra. Kí ẹ wá ṣírò ìyàtọ̀ náà gan-an pẹ̀lú àlàfo àìdánilójú rẹ̀, ìyẹn láti iye kan sí òmíràn tó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà láàárín wọn. Bí òdo bá wà nínú àlàfo yẹn, ẹ má kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ sí i.