Bí A Ṣe Ń Kọ Èsì Tó Wúlò sí Àwọn Tó Ṣe Awò VR Tuntun

Kí o tó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe awò VR (awò tí a ń dé sójú láti wo ayé inú kọ̀ǹpútà bíi pé a wà nínú rẹ̀), fi ọ̀rọ̀ ìpolówó wọn wé ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n àti agbára ẹ̀rọ náà sí, kí o sì tọ́ka sí ibi tí méjèèjì kò ti bára mu. Bí ìpolówó bá ń pariwo 4K, wò ó bóyá ojú méjèèjì ni wọ́n pa pọ̀, nítorí 4K jẹ́ ẹyọ àmì àwòrán (pixel) 3840 × 2160, tí a bá sì pín in sí méjì, kò ju 1920 × 2160 lọ fún ojú kan. Lójú tèmi, iye ti ojú kan ló yẹ kí wọ́n máa kọ. Béèrè pẹ̀lú bóyá ìbú ni wọ́n fi wọn fífẹ̀ ibi tí ojú lè rí dé, tàbí láti igun dé igun, èyí tó máa ń mú kí iye náà tóbi sí i.

Nípa ìlò, má ṣe kọ pé awò náà kò tù ọ́ lára lásán. Kọ ọ́ pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 ni iwájú orí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́, tàbí pé àlàfo àárín ẹyinjú rẹ jẹ́ mìlímítà 70, tí gíláàsì inú awò náà kò sì ṣeé fà dé ibẹ̀, débi pé àwọn lẹ́tà ń ṣe bàìbàì.