Ọjọ́ 23 kí n tó wọ áńbúláǹsì: ìrírí mi ní Los Santos láti Àkúrẹ́

Ọjọ́ 4 péré ni mo fi di ọlọ́pàá. Ọjọ́ 23 ni mo fi di òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn. Ti owó dátà tó bá a rìn, màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí inú mi kọ́kọ́ rọ̀ ná.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ kí màámi kú oríire o, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Inú géèmù ni. GTA V ni, èyí tí wọ́n fi ìlú inú rẹ̀, Los Santos, fara wé Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan wá ṣe ohun tó ń jẹ́ FiveM, òun làwọn èèyàn fi ń dá ìlú tiwọn sílẹ̀ nínú géèmù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ayédèrú: Rockstar Games tó ni GTA fúnra rẹ̀ gba àwọn tó ṣe é mọ́ra ní ọdún 2023. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, oníkálukú ló níṣẹ́ tó ń ṣe. Èyí ń tún mọ́tò ṣe, èyí ń digun jalè, èyí ń ṣe lọ́yà. Bí wọ́n bá yìnbọn lù ọ́, o ò kàn ní dìde kó o máa sáré lọ. Wàá ṣubú, wàá máa ké, títí áńbúláǹsì á fi dé. Ẹni tó sì wa áńbúláǹsì yẹn dé, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, ó jókòó sílé rẹ̀, ó gbé íyápíìsì sétí. Ẹni yẹn ni mo fẹ́ jẹ́.

Ọ̀fẹ́ ló kó mi sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Epic Games pín GTA V lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́, mo sì gba tèmi nígbà tí mi ò tíì ní kọ̀ǹpútà tó lè gbé e. Lọ́dún tó kọjá ni mo rí laptop àlòkù kan rà. FiveM náà, ọ̀fẹ́. Géèmù fúnra rẹ̀ lé ní 90GB, mi ò sì ya wèrè débi tí màá fi dátà wà á. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé lẹ́bàá South Gate FUTA ti ní i lórí hard disk, mo gun ọ̀kadà lọ ṣe àdàkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń to ìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ẹnìkan ò sọ fún mi ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹrù tirẹ̀. Mọ́tò ọlọ́pàá wọn, aṣọ nọ́ọ̀sì wọn, ilé tí wọ́n tún kọ́, gbogbo rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà rẹ máa wà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ wọlé. Ti ìlú tí mo yàn jẹ́ 14GB. Mo ra dátà ₦7,500, mo fi í sílẹ̀ lóru, mo lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, dátà ti tán, ẹrù kò tíì pé. Mo fi ₦2,500 kún un. Ó pé. Ọjọ́ kejì, ó ń sọ fún mi pé àṣìṣe kan wà, kò jẹ́ kí n wọlé. Mo béèrè, ẹnìkan tí Ọlọ́run yóò dá lẹ́jọ́ ní kí n pa cache rẹ́. Mo pa á rẹ́. Àbúrò mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Brọ̀dá, ṣé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ fi odindi òru wà lẹ pa rẹ́ yẹn?” Òun náà ni. Mo tún ra ₦6,000 pẹ̀lú ohun tó ṣẹ́kù lórí fóònù màámi. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦16,000, mi ò tíì wọ bàtà ọlọ́pàá.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pa nǹkan rẹ́ nínú FiveM, fódà tó ń jẹ́ server-cache-priv, ẹ má fọwọ́ kàn án àyàfi tí gbogbo ọ̀nà bá dí. Inú rẹ̀ ni owó yín wà.

Ti ọlọ́pàá kò ní wàhálà. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n pè mí, wọ́n bi mí ní òfin ìlú, mo dá wọn lóhùn, mo bá ọ̀gá kan jókòó nínú mọ́tò fún ìrọ̀lẹ́ kan. Ohun tó gba ọpọlọ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orí rédíò, pé 10-4 ni “mo gbọ́”, pé 10-20 ni “níbo lo wà”. Ẹni tó o bá mú, o gbọ́dọ̀ ka ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí i létí pé ó lè dákẹ́, pé ó lè pe lọ́yà. Láti inú ẹjọ́ kan tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ní 1966 ni wọ́n ti mú un. Ìgbà tí mo ń há a sórí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ wà nínú ìwé òfin tiwa ti 1999, abala 35. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni mí o.

Màámi nìkan ni iṣẹ́ ọlọ́pàá yìí dà láàmú. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo dá mọ́tò kan dúró, awakọ̀ fẹ́ sá, mo bú sí igbe lédè òyìnbó pé kó dojú bolẹ̀. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mi díẹ̀díẹ̀. “Ta lò ń sọ fún pé kó dojú bolẹ̀? Ṣé olè ti wọlé ni?” Mo ní rárá, màámi, géèmù ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Bó bá ti dojú bolẹ̀, kó o fi í sílẹ̀ kó o sùn.”

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Àmọ́ áńbúláǹsì ló wù mí láti ìbẹ̀rẹ̀, òfin ìlú náà sì gbà kí èèyàn ní ẹni méjì tó máa ń lò nínú géèmù, bí ọ̀kan bá jẹ́ ọlọ́pàá, kí èkejì wà ní ilé-ìwòsàn, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá mọra wọn. Ẹ rántí èyí.

Ilé-ìwòsàn kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bi ọ́ ní òfin nìkan. Ìdánwò ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oǹdó, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ṣeré. Wọ́n kọ́ mi pé bí ọkàn bá dúró, ìgbà ọgbọ̀n ni kí n tẹ àyà, kí n fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí títẹ̀ náà sì yára tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n bóyá iyè ẹni ṣì ń ṣiṣẹ́, láti 3 dé 15, pé ẹni tó bá gba 15 ń bá ọ sọ̀rọ̀ geerege, ẹni tó bá gba 3 kò mọ ohunkóhun mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n pín níbi ìsìnkú kan ní Ìdànrè.

Bí wọ́n ṣe ń fi ṣeré nìyí. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ẹni rẹ ń ṣe, wàá kọ /me, bíi “ó fi aṣọ di ojú ọgbẹ́ náà”. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ojú lè rí, wàá kọ /do, bíi “ṣé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà?” Ẹni tó dùbúlẹ̀ ló máa dá ọ lóhùn. O ò gbọdọ̀ pinnu fún un pé ó ti yè. Èyí wù mí púpọ̀. Ẹni tó ń kú ló mọ̀ bóyá òun ń kú.

Ìdánwò àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ kejì tí mo kọ̀wé. Mo ń dá ìbéèrè kẹta lóhùn nígbà tí iná lọ. Bátìrì laptop mi kì í pé ìṣẹ́jú méjì, àlòkù ni, mo ti sọ. Kí n tó rí okùn jẹnẹrétọ̀ fà, kí n tó rí i pé epo kò sí nínú rẹ̀, wọ́n ti kọ “kò wá” síwájú orúkọ mi. Ọjọ́ 7 kó o tó tún ṣe é. Mo gbà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Èkejì ló ń dùn mí títí di òní.

Iwájú Pillbox Hill, ilé-ìwòsàn tí à ń lò, ni wọ́n gbé e sí. Ọkùnrin kan fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ìbọn ti bà á nítan, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Àwọn tó ń dán mi wò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì, wọn ò sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi wà lórí ahọ́n mi. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, “Ìwé ọlọ́pàá dà?”

Ọkùnrin náà ní, “Ìwé kí ni?”

Mo ní ìwé tó máa fi hàn pé ọlọ́pàá mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ò lè fọwọ́ kàn án. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ń kú lọ. Mo ní mo rí i, kó sáré lọ gbà á wá ní Mission Row, kò jìnnà. Mo tún kọ /me pé ó na ọwọ́ sí ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá. Àfi bí ẹni pé Alágbàká ní Àkúrẹ́ níbí ni mo dúró sí tí mò ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Ẹni tó dùbúlẹ̀ kọ /do tirẹ̀: èémí rẹ̀ ti dákẹ́.

Wọ́n dá eré dúró. Wọ́n ní FailRP ni mo ṣe, ìyẹn ni pé mo ṣe ohun tí èèyàn gidi kò ní ṣe. Ibẹ̀ ni ara mi ti gbóná. Mo ní báwo ni èèyàn gidi kò ṣe ní ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, pé ẹni tí ìbọn bá bà, ìwé ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ máa wá? Mo rojọ́ títí, mo ṣàlàyé fún wọn bí a ṣe ń ṣe níbí, mo fi mọ̀lẹ́bí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe àpẹẹrẹ. Èyí tó dàgbà nínú wọn fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé òun gbọ́, àmọ́ Los Santos la wà. Kò sí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ọjọ́ 14 ni wọ́n bù fún mi.

Mo pe Oǹdó láti lọ gba ìpẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí mo fi rò pé fóònù ti já. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ohùn wọn yí padà. “Ta ló sọ fún ẹ pé bó ṣe yẹ kó rí níbí náà nìyẹn?” Wọ́n ní òfin ti wà láti 2017 pé kí ilé-ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bà kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ọlọ́pàá ìbáà ti fọwọ́ sí i tàbí kò tíì fọwọ́ sí i. Ilé-ìwòsàn ló máa ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, kó má sì ju wákàtí 2 lọ lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bí èmi bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù wọn tí mo béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò fi mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Èmi tí mo ń bá òyìnbó jà torí ìṣe ìlú mi! Òfin ìlú mi gan-an kò sí lẹ́yìn mi. Èyí tó tún wá burú jù ni pé èmi náà ni ọlọ́pàá Mission Row. Ká ní ọkùnrin yẹn sáré débẹ̀ lóòótọ́ lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, èmi ni ì bá bá lẹ́yìn káńtà.

Mo fi ọjọ́ 14 yẹn bínú, mo sì fi kàwé. Nígbà kẹta tí mo máa ṣe é, mo ra epo ₦3,000 sílẹ̀, mo tan jẹnẹrétọ̀ kí iná tó lọ, mo bẹ ìyá onílé wa pé wákàtí kan péré ni ariwo rẹ̀. Wọ́n ní ṣé ìdánwò JAMB ni. Mo ní ó jọ ọ́. Ẹ má béèrè ẹni tí wọ́n gbé wá síwájú mi: ẹni tí ìbọn bà ni! Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mi ò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo so itan rẹ̀ lókè ojú ọgbẹ́, mo tẹ ojú ọgbẹ́, mo ń bá a sọ̀rọ̀ kó má sùn, mo díwọ̀n rẹ̀, mo pe 13, mo gbé e wọ áńbúláǹsì. Ìgbà tí a ti wà lójú ọ̀nà ni mo tó gbé rédíò, mo sọ fún ọlọ́pàá ibi tá a ti gbé e. Wọ́n bi mí pé ibo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní Oǹdó. Wọn ò mọ ibẹ̀, ó dùn mọ́ mi síbẹ̀.

Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀, ilé-ìwòsàn ni màá kọ́kọ́ lọ. Ọlọ́pàá máa ń kọ́ ẹnu rẹ ní ìbéèrè kí ọwọ́ rẹ tó ṣe ohunkóhun, mo sì rò pé òun ló bá mi débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe Àkúrẹ́ nìkan. Ẹ sì ní bátìrì tó dára, tàbí kẹ́ ẹ yá a.

Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ rántí lẹ́ẹ̀kan nìyí. Lálẹ́ àná, nínú áńbúláǹsì, mo ń di ọgbẹ́ ọmọkùnrin kan. Ìrora mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ní báńkì tí àwọn fẹ́ fọ́ lọ́la ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ó dárúkọ báńkì náà. Ó dá aago. Ọ̀la yẹn ni òní, aago mẹ́sàn-án sì ni iṣẹ́ ọlọ́pàá mi bẹ̀rẹ̀. Bí ọlọ́pàá mi bá fi ẹsẹ̀ kan dé àdúgbò yẹn, metagaming ni, ìyẹn kí ẹni rẹ lo ohun tí kì í ṣe òun ló gbọ́ ọ, wọ́n á gba aṣọ méjèèjì lára mi. Mo ti ra dátà 3GB. Màá gbé mọ́tò lọ síhà Sandy Shores, níbi tí kò sí báńkì yẹn, màá máa wo nọ́ńbà àwọn mọ́tò tó ń kọjá nínú aginjù, títí wọn ó fi pè mí lórí rédíò.