Kí o tó sanwó oscilloscope àlòkù ní Ìkòròdú

Ẹ̀dínwó dára, àmọ́ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, tó ń ya ìgbì iná mànàmáná sójú rẹ̀, níṣojú rẹ. Fi orí probe (waya tí a fi ń wọn iná) kọ́ irin kékeré tó wà níwájú ẹ̀rọ náà, kí kílípù probe wà lára irin earth (irin tó so mọ́ ilẹ̀). Ìgbì onígun 1 kHz (ẹgbẹ̀rún ìgbì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ló yẹ kó yọ lójú ẹ̀rọ. Bí igun rẹ̀ bá ṣe ṣóńṣó tàbí roboto, kò tíì bàjẹ́ o: fa bọ́tìnnì probe sí 10× (ó ń dín iná kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá), kí o fi screwdriver tín-ín-rín yí ìdè kékeré ara probe títí orí ìgbì yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Fi ẹ̀rọ náà sí 10× pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bátìrì 12 V á hàn bíi 1.2 V.

Jọ̀wọ́, má fi kílípù yẹn kan iná NEPA láé. Ó so mọ́ waya earth sọ́kẹ́ẹ̀tì, á bú gbàù! Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rẹ kò bá ní earth, ara ẹ̀rọ lè máa gbé ọ. Tún sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣe ná. Bátìrì ni kí o fi kọ́ ọwọ́.